Ẹ́ńjìnnì Ẹlẹ́sẹ̀ Kúkúrú

Èmi ni mo ra ẹ́ńjìnnì tó ba ọkọ̀ bàbá mi jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, nítorí ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń yìn mí lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n á ní, "Ọmọ tó tọ́jú bàbá rẹ̀ nìyí o, ó ra ẹ́ńjìnnì fún un nígbà tí apá rẹ̀ ò lágbára mọ́." Èmi á rẹ́rìn-ín, èmi á ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ ìyìn tí kì í ṣe tèmi. Ẹnu mi mú lórí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, gbogbo ẹni tó bá mi ṣiṣẹ́ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kó lè mú lórí ọ̀rọ̀ tèmi náà.

Ọmọ Ọ̀jọ́ ni bàbá mi, ọmọ etí omi. Ọkọ̀ pákó kékeré kan ló ní, onígbòkun, èyí tí òun àti kápẹ́ńtà ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ kàn kí wọ́n tó bí mi. Ìyá mi ló rán ìgbòkun rẹ̀ láti ara àpò ìyẹ̀fun, ó fi abẹ́rẹ́ ńlá rán an ní ojú méjì-méjì, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń lẹ̀ ẹ́ títí ọjọ́ tó fi kú. Ìdí ọkọ̀ náà ga sókè ju ibi yòókù lọ. Ibẹ̀ ni bàbá mi máa ń jókòó sí, lókè ẹrù, tí á fi àjẹ̀ ńlá kan tọ́ ọkọ̀. Gíga tí ìdí ọkọ̀ ga yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. Òun ló ń jẹ́ kí ìgbì tó bá ń lé ọkọ̀ bọ̀ láti ẹ̀yìn fọ́ sí ara pákó, kó má wọlé.

Iṣẹ́ rẹ̀ ò le láti ṣàlàyé. Láàárọ̀, kí afẹ́fẹ́ tó jí, á wa ọkọ̀ kọjá ọ̀sà lọ sí àwọn abúlé òdìkejì, níhà ibi tí òkun wà. Á ra àgbọn àti igi ìdáná níbẹ̀, á dúró. Tó bá di ọ̀sán, afẹ́fẹ́ òkun á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ wá sí Ọ̀jọ́, òun náà á ta ìgbòkun, á sì máa bọ̀ wálé. Ní kékeré mi, ó máa ń gbé mi lọ nígbà ìsinmi ilé ìwé. Mo rántí pé tí ìgbòkun bá ti kún, gbogbo ariwo á tán. Bàbá mi á fi àjẹ̀ há abẹ́ apá, á na ẹsẹ̀, á ní, "Ọlọ́run ń ṣiṣẹ́, èmi ń jókòó." Mi ò tíì rí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ rí, àti àwa tíṣà àti àwọn tó ń sanwó fún wa.

Tíṣà ni mo dà. Nígbà tí mo ń sọ yìí, ní ìparí àwọn ọdún 1980, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé kan ní Okokomáíkò, mo sì gba yàrá kan ní Igbó-Elérin. Ilé tí mo ń gbé kún fún àwọn ọ̀mọ̀wé. Àwọn ará Èkìtì àti Oǹdó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, olùkọ́ yunifásítì àti òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ń bú ọmọ wọn, gírámà ni. Ní ọjọ́ Sunday tí a bá jókòó sí iwájú ilé, oníkálukú á máa sọ ti bàbá rẹ̀. Bàbá ti ẹni kan jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, ti ẹlòmíràn jẹ́ kátíkíìsì. Tó bá kàn mí, màá ní, "Iṣẹ́ ọkọ̀ ni bàbá mi ń ṣe." Wọ́n á rò pé bàbá mi ní lọ́rì mélòó kan. Mi ò ní là wọ́n lọ́yẹ̀. Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Èmi ò tilẹ̀ júwe rẹ̀ rárá.

Ó wá di ọdún kan tí èjìká ọ̀tún bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Wọ́n fi òrí pa á, wọ́n fi omi gbígbóná jó o, pàbó ló já sí. Bíbọ̀ wálé ò ní i lára, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e. Lílọ ní àárọ̀ ni wàhálà, nítorí kò sí afẹ́fẹ́ kankan nígbà náà, apá nìkan ló kù. Ó ń pa ọjọ́ ọjà jẹ. Àwọn obìnrin tó ń ra àgbọn lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ kan tí mo lọ kí i, ó ní, "Tíṣà mi, ṣé agbára rẹ á ká ẹ́ńjìnnì kékeré kan?"

Mo ní á ká a. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gba owó oṣù, bàbá mi ò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi rí.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe di ọ̀rọ̀ gbogbo etí omi nìyẹn. Kò sí ẹni tí kò ní ìmọ̀ràn. Ẹni kan ní kí a ra ẹlẹ́ṣin mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ìyẹn ẹ́ńjìnnì tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kí bàbá mi máa gbé èrò lọ sí Àgbádárìgì, kó di ọlọ́lá. Ẹlòmíràn ní ẹ́ńjìnnì tó bá wúwo tó bẹ́ẹ̀ á fa ìdí ọkọ̀ kékeré rì. Bàbá mi gbọ́ tẹnu gbogbo wọn, ó rẹ́rìn-ín, ó sì pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Kékeré ni kí o rà. Ẹlẹ́ṣin mẹ́jọ ti pọ̀. Mi ò fẹ́ fi ìgbòkun sílẹ̀ o. Ẹ́ńjìnnì á gbé mi lọ, afẹ́fẹ́ á gbé mi bọ̀. Tí mo bá ti dé ọ̀hún, màá ṣí i kúrò nídìí ọkọ̀, màá tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí àpò, màá ta ìgbòkun mi. Ṣé o gbọ́? Ìgbòkun yẹn ni mo fi ń jẹ́ ènìyàn."

Mo ní mo gbọ́.

Lẹ́yìn náà ló wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ní orí àti ẹsẹ̀. Ìdí ọkọ̀ ni wọ́n ń fi kọ́, orí rẹ̀ á wà lókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wọ inú omi, abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ síwájú á sì wà ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ náà. Ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú wà, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn wà. Tí ìdí ọkọ̀ bá ga, tí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì sì kúrú, abẹ̀bẹ̀ ò ní dé inú omi dáadáa, afẹ́fẹ́ lásán ló máa máa fẹ́. Bàbá mi mú okùn àwọ̀n kan tó ti gbó, ó fi wọn ìdí ọkọ̀ láti òkè dé ibi tí abẹ̀bẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ omi. Ó ta kókó sí orí rẹ̀, ó ta kókó sí ìsàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wọn gbogbo nǹkan létí omi wa nìyẹn, pákó o, àwọ̀n o, òpó ìgbòkun o. Ó ká okùn náà, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Fi èyí han ẹni tó ń tà á. Kó nà án sí ara ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Tí kò bá dé kókó ìsàlẹ̀, má rà á."

Mo bi í pé, "Ẹ̀yin náà ò wá ní bá mi lọ?" Ẹnu lásán ni mo fi bi í. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní rárá, òun ní àwọ̀n ọ̀rẹ́ òun kan tí òun fẹ́ bá a tún ṣe. Kí n má parọ́ fún yín, ara mi fúyẹ́. Mo ti ń wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti já, tó fi okùn so, mo ti ń ronú ibi tí màá ti rí bàtà mìíràn fún un kí ọjọ́ tí a máa jọ lọ tó pé.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo lọ wà lẹ́bàá títì márosẹ̀ Àgbádárìgì. Ọkùnrin Ìgbò kan ló ni ín, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó sì ń ta jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Bí mo ṣe wọlé ni mo rí ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń gbé ilé, olùkọ́ yunifásítì, ó wọ táì, ó ń yẹ jẹnẹrétọ̀ wò. Ó fi òyìnbó kí mi, mo fi òyìnbó dá a lóhùn.

Ọlọ́jà náà mú ẹlẹ́ṣin mẹ́jọ méjì wá, tòkunbọ̀ ni méjèèjì, ó gbé wọn kọ́ orí igi. Ó ní, "Àǹtí, agbára kan náà ni. Èyí ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, èyí ẹlẹ́sẹ̀ gígùn. Irú ọkọ̀ wo ni? Ṣé ẹ wọn ìdí ẹ̀ wá?"

Ọwọ́ mi ti wà nínú báàgì. Mo ti di okùn náà mú. Òórùn ẹja ń bọ̀ lára rẹ̀, ó ti ràn mọ́ ìwé àwọn ọmọ tí mo fẹ́ lọ máàkì. Olùkọ́ yunifásítì ti yíjú sí wa, ó ń gbọ́. Mo rí ara mi bí mo ṣe fẹ́ fa okùn àwọ̀n gbígbó yọ níwájú rẹ̀, èmi tíṣà tó ń na ọmọ tí kò bá mú rúlà wá sí kíláàsì. Mo yọ ọwọ́ mi kúrò nínú báàgì lófìfo.

Mo ní, "Ọkọ̀ kékeré ni."

Ọlọ́jà ní, "Kékeré báwo?"

"Kékeré gan-an. Ẹni mẹ́fà ò lè jókòó nínú ẹ̀ dáadáa."

"Tó bá kéré bẹ́ẹ̀, kúkúrú ló máa bá a mu. Ọkọ̀ ńlá ló ń lo gígùn." Ó sì fi kún un pé tí kò bá bá ọkọ̀ mu, kí n dá a padà kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, òun á fún mi ní ìkejì. Ó ṣe tirẹ̀. Kò sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn ọkùnrin yẹn. Kò mọ̀ pé ọkọ̀ kékeré etí omi wa ní ìdí gíga. Ẹni tó mọ̀ ti sọ ọ́ di okùn, ó ti ta kókó sí i, ó ti fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi wá rò pé àkísà nìkan ni bàbá mi ní.

Ọjọ́ Sátidé ni mo gbé ẹ́ńjìnnì náà dé etí omi. Ẹ ò rí àdúrà! Bàbá mi gbé ọwọ́ rẹ̀ lé mi lórí níwájú gbogbo ènìyàn. Ó ní bí mo ṣe gbé òun ròkè, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tèmi náà á gbé mi. Omi ń bọ̀ lójú rẹ̀. Ó fọwọ́ pa orí ẹ́ńjìnnì, ó fọwọ́ pa ẹsẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró díẹ̀ níbi ẹsẹ̀ náà. Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Ṣé wọ́n wo okùn yẹn?"

Mo ní, "Wọ́n wò ó, Bàbá."

Ó ní, "Ó dáa. Ó dáa gan-an. Ọlọ́run á bù kún ọ." Mo padà sí Igbó-Elérin nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo sùn bí ọmọ ọwọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbàkigbà tí mo bá dé Ọ̀jọ́, wọ́n á ní bàbá mi ti lọ, ó ti bọ̀. Ó ń tètè lọ, ó sì ń tètè dé. Kí agogo méjìlá tó lù, ọkọ̀ rẹ̀ á ti wà ní èbúté. Wọ́n ti fi ọ̀dà tuntun kun ọkọ̀ náà, ìdí rẹ̀ yàtọ̀ lójú mi, mo rò pé ọ̀dà ni. Ìgbòkun ò sí lórí òpó mọ́. Mo bi í, ó ní, "Ó ti gbó. Ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì, kí ló fẹ́ fi àkísà ṣe?" Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo dé ilé ìwé, mo sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé bàbá mi ti di ọ̀gá, ó ti pa ìgbòkun tì. Kò wá sí ọkàn mi láti rántí ohun tó bẹ̀ mí kí n tó lọ sí ọjà.

A wọ àwọn ọdún 1990, epo bẹntiróò di ọ̀wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ á rántí ìlà ọkọ̀ tó gùn láti ilé epo dé òpópónà kejì. Ní etí omi, àwọn ẹlẹ́ńjìnnì jókòó. Àwọn onígbòkun ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń fi àwọn ẹlẹ́ńjìnnì ṣe yẹ̀yẹ́. Mo dé ibẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan, oòrùn ti mú, mo bá bàbá mi lórí ìjókòó lábẹ́ igi àgbọn, ó ń wo omi. Ó ti ru. Wọ́n sọ fún mi pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò ti lọ síbì kankan. Ọkọ̀ onígbòkun mẹ́ta ń bọ̀ láti òdìkejì lójú wa, afẹ́fẹ́ dára, wọ́n ń sáré bọ̀.

Inú bí mi. Mi ò mọ ohun tó ń bí mi nínú gan-an, bóyá rírù tó ru ni. Mo ní, "Bàbá, àwọn ẹgbẹ́ yín ló ń bọ̀ yẹn o. Níbo ni ìgbòkun yín wà?"

Ó ní, "Ó wà nínú ilé."

"Kí ló ń ṣe nínú ilé? Ẹ ní èjìká ń dùn yín, mo ra ẹ́ńjìnnì. Epo ò sí, afẹ́fẹ́ wà, ọ̀fẹ́ sì ni, ẹ jókòó sábẹ́ igi. Ẹ ti di ọ̀gá ni, àbí? Ẹ́ńjìnnì ti sọ yín di ọ̀lẹ."

Ní etí àwọn ènìyàn ni mo ti sọ ọ́. Àwọn kan wolẹ̀. Bàbá mi wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Tíṣà ń bá wa wí." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo gbọ́ bó ṣe fọ́, agídí ò jẹ́ kí n tọrọ àforíjì. Mo gbé báàgì mi, mo kọjú sí ọ̀nà ilé.

Kápẹ́ńtà ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ kan ọkọ̀ náà, ló sáré tẹ̀ lé mi. Àgbàlagbà ni, ó ti ń mí gúlegúle kó tó bá mi. Ó ní, "Tíṣà, dúró. Bàbá ẹ ní kí n má sọ, ṣùgbọ́n ohun tí o sọ lónìí ò ṣe é gbé mì. Wá wo nǹkan."

Ó mú mi padà gba ẹ̀yìn ilé, lọ sí ibi tí ọkọ̀ náà wà. Ó ní kí n wo ìdí rẹ̀. Mo wò ó. Wọ́n ti gé e lulẹ̀. Ibi gíga tí bàbá mi máa ń jókòó sí ti lọ, ó ti dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì tí mo rà sì wà lórí rẹ̀, ó bá a mu rẹ́gí.

Kápẹ́ńtà ní, "Èmi ni mo gé e. Ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì ẹ kúrú. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ kọ́ ọ, abẹ̀bẹ̀ ò tilẹ̀ rin dáadáa, ó kàn ń pariwo. Mo ní kó dá a padà fún ọ, kí o lọ pààrọ̀ ẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó pé, ṣebí ìwọ náà sọ pé wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀. Ó ní rárá. Ó ní ọmọ òun fi òógùn ojú ẹ̀ ra nǹkan fún òun, òun gbàdúrà lé e lórí níwájú ayé, òun ò ní pè é padà kóun sọ fún un pé ohun tó rà ò wúlò. Ó ní ọkọ̀ ni kí n gé."

Mo ní, "Ìgbòkun wá ńkọ́?"

"Ìgbòkun wo? Ẹ̀yìn ni afẹ́fẹ́ tó ń gbé wọn wálé ti ń wá, ẹ̀yìn náà ni ìgbì ti ń wá. Ìdí tó lọ sílẹ̀ báyìí, ìgbì á gorí ẹ̀ wọlé. Ó dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo àgbọn ẹ̀ ló bá omi lọ, díẹ̀ ló kù kí òun náà bá a lọ. Látìgbà náà ló ti máa ń sáré wálé kí afẹ́fẹ́ tó dé."

Mo dúró níbẹ̀. Ọkùnrin tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ọ̀sán ló ń dúró dè ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ó wá ń sá fún un nítorí mi. Mo sì ti pè é ní ọ̀lẹ.

Ó yẹ kí n yà lọ bá a lábẹ́ igi lọ́jọ́ náà. Mi ò lọ. Ìtìjú tó jẹ́ kí n fi okùn pamọ́, òun náà ni kò jẹ́ kí n lọ. Mo sọ fún ara mi pé màá kọ́kọ́ tún un ṣe ná, màá wá ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, màá ra pákó, tí gbogbo rẹ̀ bá ti pé ni màá tó ṣí ẹnu. Kápẹ́ńtà ní òun á bá mi ṣe é. Ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin Ìgbò náà ti kó lọ, ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó kó lọ. Mo rìn káàkiri, láti Ajáńgbádì dé Ìba, mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú ò tì mí, mo na ọwọ́ mi, mo ń fi ìwọ̀n hàn wọ́n. Oṣù méje ló gbà mí kí n tó rí ẹlẹ́sẹ̀ gígùn. Oṣù méje tí mo fi ń wá a, mo ń lọ kí bàbá mi ní ọjọ́ Sátidé, a ń sọ̀rọ̀ ìjọ, a ń sọ̀rọ̀ òjò, kò sí ẹni tó dárúkọ ọkọ̀ nínú àwa méjèèjì.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú nínú oṣù kẹfà tí mo ti ń wá a kiri. Tó bá rìn láti inú ilé dé ẹnu ọ̀nà, èémí rẹ̀ á máa já. Wọ́n fún un ní oògùn ní ọsibítù, wọ́n ní kó má ṣe iṣẹ́ agbára. Nígbà tí kápẹ́ńtà fi máa gbé pákó wá láti tún ìdí ọkọ̀ kàn, bàbá mi ti wà lórí ẹní.

Mo jókòó tì í ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìró òòlù ń wá láti etí omi. Ó fetí sí i títí, ó ní, "Kí ni ọkùnrin yẹn ń kàn?"

Mo ní, "Ìdí ọkọ̀ yín ni, Bàbá. Ó ń gbé e padà sókè. Mo ti rí ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́sẹ̀ gígùn."

Mo sọ abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ ti ẹní. Mo ní, "Bàbá, ẹ dárí jì mí. Irọ́ ni mo pa fún yín. Wọn ò wo okùn yẹn. Inú báàgì mi ló wà, mi ò mú un jáde. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tí a jọ ń gbé ilé, ojú ló tì mí."

Ó ní, "Mo mọ̀."

Mo rò pé kápẹ́ńtà ló sọ fún un. Mo ní, "Ta ló sọ fún yín?"

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. O bi mí pé ṣé mi ò ní bá ọ lọ, àbí o ò bi mí? Mo wo ojú ẹ. Mo rí i pé o ò fẹ́ kí n ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo fẹ́ lọ o. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé ló ti ń wù mí kí n dúró nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ́ńjìnnì, kí n máa fọwọ́ kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wá ní kò burú. Kí okùn lọ. Okùn ò wọ bàtà jíjá, kò ní dójú tì ọ́." Ó sinmi díẹ̀, nítorí èémí ò tó o. "Mi ò mọ̀ pé òun náà á dójú tì ọ́."

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú. Ìbá wù mí kó bínú. Wọ́n ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Tèmi wá nígbà tí ẹni tí mo ṣẹ̀ ṣì wà láàyè, tó ń wò mí, tó sì ń káàánú mi. Mo gbé orí lé etí ẹní rẹ̀, mo sì sunkún bí ọmọ tí wọ́n nà ní kíláàsì. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn ló kú. Ìdí ọkọ̀ náà ti pé nígbà náà, kò sì jókòó sí i.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán tí mo ń sọ yìí, ó ṣì fọwọ́ kàn mí ní èjìká. Ó ní ó tó. Ó ní, "Dìde. Òun nìkan ò lè di pákó yẹn mú kó tún kàn án. Lọ bá a dì í mú."

Mo jáde lọ sí etí omi. Mo di pákó mú fún kápẹ́ńtà, ó ń kàn án, omi ń bọ̀ lójú mi.